Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Orin Bò Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti wo fíìmù náà. Bẹ́ ẹ bá ti wò ó, ẹ ti sunkún, nítorí kò sẹ́ni tó wò ó tó jáde tòun ti ojú gbígbẹ. Àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tẹ́nikẹ́ni ò kà kún, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó ti sán, ni wọ́n já ife-ẹ̀yẹ gbà lọ́wọ́ àwọn tó jù wọ́n lọ. Wọ́n ní fíìmù náà ń fún èèyàn lókun. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ wò ó.

Kápúténì inú fíìmù yẹn ló wá bá mi. Ó ní òun ò lè wò ó mọ́, òun ò sì lè dá a dúró.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ bó ṣe rí," ló wí. "Ẹ má bu ṣúgà sí i. Èyí tí wọ́n ti bu sí i ti tó."

Ìjàlọ ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́. Ó kúrú, ó yára, bó bá sì ti lè dì mọ́ ẹ lórí pápá, àfi kó o bọ́ aṣọ sílẹ̀ kó o sá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ ga débi pé kó tó wọ yàrá táwọn méjèèjì jọ ń gbé, àfi kó tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń kí àna. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ló máa bẹ̀ ẹ́.

Kí Ọ̀pẹ tó dé, ọjọ́ ìsinmi làwọn ilé ìwé yòókù ń pe ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bá wọn gbá. Kóòṣì wọn, obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò láàárọ̀, tó sì ń fọn fèrè lé wọn lórí nírọ̀lẹ́, ti gbọ́ pé ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ tú ẹgbẹ́ náà ká. Ìgbà náà ni Ọ̀pẹ wọlé. Ìjàlọ á lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kọjá láàárín àwọn géńdé obìnrin, á jù ú sókè, Ọ̀pẹ á nawọ́, á sì gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni gbé aṣọ tó ti ká sínú àpótí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Ni obìnrin kan bá gbọ́ ìròyìn wọn, ó kó kámẹ́rà dé. Fíìmù tòótọ́ ló ń ṣe, kì í ṣe eré. Ó gé irun mọ́lẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ní àpò níwá lẹ́yìn. Àwọn ọmọ náà sọ ọ́ ní Àǹtí Kámẹ́rà.

"Àwọn tí wọ́n máa ń lù ni mò ń wá," ló sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "àwọn tó wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́."

Ó ní kí wọ́n máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Obìnrin kan tó ń bá a gba ohùn sílẹ̀ fi ẹ̀rọ agbóhùn kékeré kan há wọn láyà, kò ju bọ́tìnnì lọ. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé. Ta ló ń rántí bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀?

Ìjàlọ nìkan ni kò gbàgbé kámẹ́rà. Ilé tí ọmọ pọ̀ sí ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ a máa pe orúkọ gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán kó tó kan tirẹ̀, ìgbà mìíràn á sì ti gbàgbé ohun tó fẹ́ rán an. Ẹnikẹ́ni ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì rí. Ní báyìí, ojú gíláàsì kan ń tẹ̀ lé e kiri.

"Kápúténì, ojú ẹ fẹ́ràn kámẹ́rà," Àǹtí Kámẹ́rà sọ fún un lọ́jọ́ kan, tí wọ́n jọ jókòó lórí àtẹ̀gùn. "Ìwọ ni wọ́n máa rántí. Ṣùgbọ́n n ò ní tàn ẹ́. Bẹ́ ẹ bá dé àṣekágbá, mo ní fíìmù. Bẹ́ ò bá débẹ̀, àwọn ọmọ tó ń sáré kiri lásán ni mo yà."

Orí Ìjàlọ wú. Láti ọjọ́ náà, bó bá sùn, àṣekágbá. Bó bá jí, àṣekágbá.

Wọ́n sì débẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n na ẹgbẹ́ tó gba ife lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n fi wọ àṣekágbá, ariwo tó wà nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ò ṣeé fẹnu sọ. Kóòṣì pàápàá ń jó, ijó rẹ̀ ò sì dáa rárá. Ìjàlọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí Ọ̀pẹ.

Ó bá a nílẹ̀ balùwẹ̀. Ó gbẹ́yìn ti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn nà sílẹ̀ bí igi tí wọ́n wó, ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ọ̀pẹ! Kí ló ṣe ẹ́?"

"Ojú mi ló ṣú. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣubú." Ó fọwọ́ lé àyà. "Àyà mi, Ìjàlọ. Ó ń sáré, á dúró, á tún sáré. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀ o."

"Àtìgbà wo?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Mo rò pé ó kàn rẹ̀ mí ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ sọ fún Kóòṣì."

Ìjàlọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó tutù náà, ó gbé orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé itan. Ó ní ìfẹ́ ló kọ́kọ́ mú òun ṣe bẹ́ẹ̀, pé kí n kọ ìyẹn náà, torí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fọwọ́ pa á lórí ni ọkàn rẹ̀ ń ṣírò. Kóòṣì tó lé ọmọ kan kúrò lórí pápá nítorí ikọ́! Bó bá gbọ́ èyí, ó parí. Kò sí Ọ̀pẹ, kò sí ife. Kò sí ife, kò sí fíìmù.

"Gbọ́ mi," ló wí, ó tẹ orí mọ́ ọn. "Má sọ fún Kóòṣì. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹyọ kan ló kù. Bá a bá ti gbá a tán báyìí, èmi fúnra mi ni màá mú ẹ dé ilé ìwòsàn."

"Bó bá tún ṣe mí ńkọ́?"

"Kò ní ṣe ẹ́. Ṣé o fẹ́ kí gbogbo wa padà sílé lọ́wọ́ òfo torí tìẹ ni? Àbí bó o ṣe fẹ́ràn mi tó náà nìyẹn?"

Ọ̀pẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kò burú," ló wí. "Torí tìẹ ni o."

Ìgbà tí Ìjàlọ gbójú sókè ló rí i pé ayàwòrán kan ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, tó na kámẹ́rà sí wọn. Ó rò pé ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn síra, ariwo ijó sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ayàwòrán náà kàn rẹ́rìn-ín, ó na àtàǹpàkò sókè, ó lọ. Ìjàlọ mí kanlẹ̀. Bọ́tìnnì tó wà láyà rẹ̀ ò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé ní láti yẹ gbogbo wọn wò ṣáájú àṣekágbá. Ó gbé ẹ̀rọ sí Ọ̀pẹ láyà, ó fetí sí i, ó fajú ro.

"Kí ló dé tí àyà ẹ ń sáré báyìí, ọmọ yìí?"

Ìjàlọ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ó sáré wá ni, Mà. A pẹ́ díẹ̀, èmi ni mo ní kó sáré."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Lọ jókòó, kí o sinmi. Ẹ padà wá kí n tún un gbọ́ kí n tó lọlé."

Wọn ò padà. Nígbà tí Kóòṣì béèrè, Ìjàlọ ní, "Wọ́n ti yẹ gbogbo wa wò, Mà." Kò tiẹ̀ kólòlò.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò sí inú rere tí kò ṣe fún Ọ̀pẹ. Ó ń bá a fọṣọ. Ó ń bá a gbé báàgì gun àtẹ̀gùn, nítorí Ọ̀pẹ ti ń dúró mí láàárín ọ̀nà. Ó yọ̀ǹda bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún un kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyàwó Ọ̀pẹ, ẹ kú iṣẹ́ o!" Kámẹ́rà ń yà á. Ìjàlọ ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Gbọ̀ngàn ńlá tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí omi ni wọ́n ti gbá a. Ìyá Ọ̀pẹ wá. Obìnrin náà ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, ariwo ẹ̀rọ ti jẹ etí rẹ̀ tán pátá. Nínú ariwo bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kì í gbọ́ra wọn, ètè ara wọn ni wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ tó bá ti bọ́ lẹ́nu ẹ níwájú rẹ̀, bó o fi ariwo sọ ọ́, bó o fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ọ́, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìjàlọ.

"Kọjú sí mi dáadáa, ọmọ mi. Ṣé ara ọ̀rẹ́ ẹ le? Ojú ẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ara ẹ̀ le, Màámi. Ìdùnnú ló pọ̀ jù."

"Ìdùnnú?"

"Ìdùnnú ni, Màámi."

Ìyá náà wò ó díẹ̀ sí i, ó mi orí, ó lọ jókòó sílà iwájú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pẹ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń dágbére. Lẹ́yìn tí wọ́n sinmi tán tí wọ́n padà wọlé, ẹgbẹ́ méjèèjì ń bá ara wọn dọ́gba, pọ́ìntì fún pọ́ìntì. Ìjàlọ já bọ́ọ̀lù gbà, ó sá kọjá ẹni méjì, ó jù ú sókè síbi tí ọwọ́ Ọ̀pẹ máa ń wà.

Ọwọ́ ò sí níbẹ̀.

Bọ́ọ̀lù náà gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀pẹ dúró, ó ń wo Ìjàlọ, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan. Ó wá lọ sílẹ̀, orúnkún kọ́kọ́, ìgbáròkó, orí. Ìró tó dún nígbà tí orí rẹ̀ balẹ̀, Ìjàlọ ní gbogbo gbọ̀ngàn náà ló gbọ́ ọ, àfi ìyá rẹ̀.

Dókítà tó wà létí pápá sáré wọlé. "Ta ni wọ́n jọ ń gbé? Ṣé ó ti dákú rí? Ṣé ó ti fẹjọ́ àyà sùn rí?"

Gbogbo wọn kọjú sí Ìjàlọ.

Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ẹni tó fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Rárá, sà," ló wí. "Mi ò mọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹyin lohùn.

Ọ̀pẹ ò kú. Wọ́n jí ọkàn rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó ti dúró pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ ò dé ọpọlọ. Nígbà tó lajú, kò sí èèyàn lẹ́yìn ojú náà tó ń dáhùn. Dókítà ilé ìwòsàn kọjú sí ìyá rẹ̀, ó rọra ń la ẹnu kó lè rí gbogbo ọ̀rọ̀.

"Mà, ọkàn ẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́. Ká ní a tètè mọ̀ ni, a ò ní jẹ́ kó sáré, oògùn ló máa lò. Ì bá máa rìn lónìí, ì bá máa bá yín sọ̀rọ̀."

"Kò sọ fún ẹnì kankan," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ọmọ mi kì í fẹ́ dá ẹnikẹ́ni láàmú."

Ìjàlọ wà níbẹ̀, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

Wọ́n tún àṣekágbá gbá lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní nítorí Ọ̀pẹ ni. Wọ́n fi jẹ́sì rẹ̀ bo àga kan létí pápá. Pọ́ìntì kan péré ni wọ́n fi borí, Ìjàlọ ló sì jù ú wọlé. Wọ́n gbé e lé èjìká. Ó ní láti òkè yẹn, jẹ́sì orí àga nìkan lòun ń rí.

Kò pẹ́ tí Àǹtí Kámẹ́rà ránṣẹ́ pè é sí yàrá tí wọ́n ti ń to fíìmù. Yàrá náà ò ní fèrèsé. Obìnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ jókòó ní igun, kò gbójú sókè.

"Jókòó," Àǹtí Kámẹ́rà wí. Ó tẹ nǹkan kan.

Ohùn Ìjàlọ fúnra rẹ̀ kún yàrá náà. *Má sọ fún Kóòṣì. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.* Ó gbọ́ mímí Ọ̀pẹ lábẹ́ ohùn náà, mímí ẹni tó ń wá afẹ́fẹ́. *Torí tìẹ ni o.*

Ó bọ́ sórí orúnkún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde. Àwa mẹ́ta la mọ̀." Ojú Àǹtí Kámẹ́rà pọ́n, bíi pé òun náà ò sùn. "Ibẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo yà. Ọmọ méjì nílẹ̀ balùwẹ̀. N ò lè gé e kúrò. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ èyí? Àbí o fẹ́ kí wọ́n sọ ẹ́ lókùúta lójú títì? Màá yọ ohùn, màá fi orin sí i. Ọ̀rẹ́ tó ń tu ọ̀rẹ́ nínú, ohun tí wọ́n máa rí nìyẹn."

Obìnrin igun yẹn sọ̀rọ̀ ṣókí. "Ìyá ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ẹrù tí ìyá ẹ̀ ń gbé ti tó o," Àǹtí Kámẹ́rà dá a lóhùn.

Kí ni Ìjàlọ ṣe? Ó dúpẹ́. Ó ní kí n kọ ọ́ gbàǹgbà pé òun dúpẹ́, pé òun kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí òun lè dúpẹ́ dáadáa, àti pé lọ́jọ́ náà lòun kọ́kọ́ sùn wọra láti ìgbà tí Ọ̀pẹ ti ṣubú.

Ṣùgbọ́n oorun yẹn ò tọ́jọ́. Ó ti ń lọ sílé Ọ̀pẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń bá ìyá rẹ̀ gbé e sórí àga oníkẹ̀kẹ́, ó ń bá a gé èékánná. Ìyá á ní, "Ọlọ́run á san án fún ẹ, ọmọ mi." Gbogbo "ọmọ mi" yẹn ń wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́. Nígbà tó fi padà sọ́dọ̀ Àǹtí Kámẹ́rà pé kí wọ́n yọ ibẹ̀ kúrò, fíìmù ti délé sinimá, ó ku kí wọ́n fi hàn, wọ́n ti fi àwòrán òun àti Ọ̀pẹ nílẹ̀ balùwẹ̀ lẹ ara ògiri káàkiri ìlú.

"Ó ti pẹ́ jù, Kápúténì," ni ìdáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn, wọ́n fi Ìjàlọ àti Ìyá Ọ̀pẹ jókòó pọ̀ láàárín, níbi tó dára jù. Iná kú. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Fíìmù ń lọ. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín síbi tí Kóòṣì ti ń jó. Lójijì, ilẹ̀ balùwẹ̀ dé. Orin jẹ́jẹ́ kan dìde. Ojú Ìjàlọ kún gbogbo ara ògiri, ẹnu rẹ̀ tóbi tó ilẹ̀kùn, ó ń mì.

Níwá lẹ́yìn, àwọn èèyàn ti ń fọn imú. Orin náà dùn lóòótọ́.

Ìyá Ọ̀pẹ ò gbọ́ orin. Ẹnu ló ń wò.

Ìjàlọ mọ̀ ọ́n lára ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú. Ọwọ́ náà kọ́kọ́ dúró. Ó wá tutù. Lẹ́yìn náà ó tú ìka rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan ara rẹ̀. Kò yíjú. Ó ń wo ògiri lọ títí fíìmù fi tán.

Iná tàn. Gbogbo èèyàn dìde, àtẹ́wọ́ ń dún. "Kápúténì! Kápúténì!" Wọ́n tì í títí ó fi dé iwájú, wọ́n ki ẹ̀rọ agbóhùn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ó ní òun ti pinnu níbẹ̀. Ó la ẹnu.

"Èmi ni mo fà á," ló wí. "Ó fẹ́ sọ fún Kóòṣì. Èmi ni mo ní kó má sọ. Ká ní kì í ṣe èmi ni, ì bá wà níhìn-ín."

Obìnrin kan wá pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Má dá ara ẹ lẹ́bi mọ́, ọmọ dáadáa!" Ẹlòmíì ní, "Ẹ wo ọkàn rere!" Àtẹ́wọ́ bú sáyé ju ti ìṣáájú lọ. Ó ní, "Rárá, ẹ gbọ́ mi, òótọ́ ni mò ń sọ!" Ẹkún ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ń bá a. Òtítọ́ bá a lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi lé e padà.

Àǹtí Kámẹ́rà gbá a mọ́ra, ó sọ sí i létí pé, "O ṣeun. Àfi bíi pé mo kọ ọ́ fún ẹ ni."

Ó sáré jáde wá Ìyá Ọ̀pẹ. Ó bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ń to àwọn àga tó ti kán sí. Ìyá náà jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn, báàgì rẹ̀ lórí ẹsẹ̀.

"Màámi..."

"Kọjú sí mi." Ohùn rẹ̀ ò le. "Ṣé mo rí i bó ṣe yẹ, àbí n ò rí i? Tún un sọ."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Tún un sọ kí n wò ó."

Ìjàlọ tún un sọ, bí omijé ṣe ń bọ́ sí i lẹ́nu. "Má sọ fún Kóòṣì. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá Ọ̀pẹ ń wo ètè rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. Ó mi orí bí ẹni tó ti ń wá nǹkan tipẹ́, tó wá rí i níbi tí kò fẹ́ kó wà.

"Mo bi ẹ́," ló wí. "Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì mú ẹ lójú, mo bi ẹ́ pé ṣé ara ọmọ mi le."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"O ní ìdùnnú ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ó dìde. "Ó yẹ kí n ṣépè fún ẹ, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́nu mi. Ìdáríjì náà ò sí níbẹ̀. Má wá sílé mi mọ́."

Ìjàlọ lọ sọ fún Kóòṣì. Kóòṣì gbọ́, ó jókòó sórí tábìlì kíláàsì, nínú eruku ṣọ́ọ̀kì. "Èmi náà rí i pé ó ń mí bí ẹni gun òkè," ló wí nígbà tó pẹ́. "Mi ò béèrè. Mo fẹ́ borí." Ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé ní ọ̀rọ̀ ti kọjá, pé àwọn òbí tó fẹ́ mú ọmọ wọn wá ti pọ̀ láti ìgbà tí fíìmù jáde, kí ẹnikẹ́ni má ba nǹkan jẹ́. Ìjàlọ kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fi ọkàn pupa sí i, wọ́n ní kó lọ máa sinmi, pé ìbànújẹ́ ló ń dà á lórí rú. Ní ojú títì, àwọn ọmọdébìnrin ń bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ sí bọ́ọ̀lù wọn. Bó bá kọ̀, wọ́n á ní ẹ wo bó ṣe nírẹ̀lẹ̀ tó.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ bínú sí i. Àfi ẹnì kan, ẹni yẹn sì ti tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kan ló jáde ní kíláàsì, ló bá Ìyá Ọ̀pẹ lẹ́nu géètì ilé ìwé. Ó ti rù. Kò jókòó, kò gba ìkíni.

"Ó kọ oúnjẹ," ló wí. "Láti ọjọ́ tí o ò ti wá. Bí mo bá gbé ṣíbí dé ẹnu ẹ̀, á yíjú sí ilẹ̀kùn. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti kọrin fún un. Dókítà ní bó bá pẹ́ sí i, wọ́n máa ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú láti fún un lóúnjẹ."

"Màámi, mò ń bọ̀ báyìí."

"Kì í ṣe pé mo dárí jì ẹ́ o."

"Mo mọ̀, Mà."

"Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́ ni."

Ó ń lọ báyìí, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ìyá Ọ̀pẹ á ṣílẹ̀kùn, á yà fún un, á wọ yàrá kejì. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Oúnjẹ rírọ̀ á ti wà nínú abọ́ lórí tábìlì, tó ti gbóná mọ níwọ̀n. Bí Ọ̀pẹ bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ á tàn, á máa fi ọwọ́ tó ti ká gbá apá àga.

Mo bi Ìjàlọ léèrè ohun tó fẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ronú pẹ́. Ó ní bí ọ̀rẹ́ yín bá ní ara òun ò yá, kí ẹ gbé e dìde, kẹ́ ẹ má béèrè ohun tó kù láti gbá. Ó ní kò sí nǹkan mìíràn tí òun mọ̀.

Mo ní, ṣé Ọ̀pẹ mọ̀? Ó ní gbogbo ìgbà lòun ń sọ fún un. Kó tó bu ṣíbí àkọ́kọ́, á jókòó kojú rẹ̀, á sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀: balùwẹ̀, nọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ nílà iwájú, dókítà létí pápá. Á ní, "Ọ̀pẹ, èmi ni. Èmi ni mo sọ ẹ́ dà báyìí. Ṣé o gbọ́?"

Ọ̀pẹ á máa wò ó, á máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, á la ẹnu, á máa retí oúnjẹ.